Oògùn inú dísẹ̀lì: ṣé ó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àbí ṣe ló ń bà á jẹ́?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wa ọkọ̀ dísẹ̀lì. Ẹnì kan á ní òun da ìgò kékeré kan báyìí sínú táǹkì, ọkọ̀ òun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹṣin, èéfín dúdú tó ń tú tẹ́lẹ̀ ò tú mọ́, ẹlòmíì á ní irú ìgò yẹn gan-an lòun dà tí pọ́ǹpù òun fi kú, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wọ́n á ti máa bú ara wọn. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń parọ́ nínú wọn. Ohun tí à ń pè ní àdítíìfù yìí kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ó dà bíi kí ẹnì kan bi yín pé "ṣé oògùn dáa?" Oògùn wo? Ta ló fẹ́ lò ó? Kí ló ń ṣe é? Oògùn ibà ò lè to egungun tó ṣẹ́, ẹni tára ẹ̀ le koko tó wá lọ gbé e mu náà, àfàìmọ̀ kó má fọwọ́ ara ẹ̀ fa àìsàn. Bí ti inú epo ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, oògùn epo ni mo dẹ̀ máa pè é níbí torí ó yá mi lẹ́nu ju àdítíìfù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí epo ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì yìí ná. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ti dísẹ̀lì ò ní irú ẹ̀, glow plug tẹ́ ẹ máa ń rí yẹn kàn ń mú inú ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè tètè sítáàtì ni. Atẹ́gùn lásán ni písítìnì máa ń fún pọ̀, á fún un tó ìlọ́po 15 sí 20, ooru ẹ̀ á kọjá 500 dígírì, ìgbà yẹn ni ínjẹ́kítọ̀ á wá fín epo sí i, epo á sì gbiná fúnra ẹ̀. Àtìgbà tí ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg ní Jámánì lọ́dún 1897 ni ọgbọ́n yìí ti wà, bí wọ́n ṣe ń fín epo yẹn ló yàtọ̀ báyìí. Taya ọkọ̀ kékeré, bar 2 àti díẹ̀ ni prẹ́ṣọ̀ inú ẹ̀. Common rail, ìyẹn páìpù kan tó ń kó epo jọ fún gbogbo ínjẹ́kítọ̀, wọnú àwọn ọkọ̀ kéékèèké lọ́dún 1997, nǹkan bíi bar 1,350 ni pọ́ǹpù ẹ̀ kọ́kọ́ fi ń ti epo, àwọn míì ti kọjá 2,000 báyìí, gbogbo agbára yẹn dẹ̀ ń gba inú ihò tó jẹ́ pé agbára káká ni irun orí méjì á fi gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ínjẹ́kítọ̀ yẹn lè ṣí kó pa dé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí písítìnì tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Irú nǹkan báyìí, ìdọ̀tí tójú lásán ò lè rí ti tó láti da orí ẹ̀ rú.

Nǹkan kejì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ pọ́ǹpù common rail tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ kékeré, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Dísẹ̀lì tó ń kọjá nínú ẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí irin máa yọ̀ lórí irin. Tí epo bá gbẹ, ìyẹn tí kò bá yọ̀ tó mọ́, irin á máa ha irin, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá jẹ kúrò á ṣàn lọ bá ínjẹ́kítọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa gbọ́ ariwo, ó ti di owó ńlá.

Báwo ni epo ṣe ń gbẹ? Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yọ sọ́fọ̀, ìyẹn imí ọjọ́, kúrò nínú dísẹ̀lì nítorí èéfín, Amẹ́ríkà fà á wálẹ̀ sí mílígíráàmù 15 nínú kílò epo kan láti 2006, Yúróòpù fà á dé 10 ní 2009, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ ń kó àwọn èròjà míì lọ, àwọn yẹn gan-an ló dẹ̀ ń jẹ́ kí epo yọ̀. Àwọn èèyàn á máa sọ pé imí ọjọ́ ló ń ṣe bí ọ́ìlì nínú epo àtijọ́, rárá o, àwọn tó ń bá a rìn ni. Sweden ló tètè fojú rí i, nígbà tí epo wọn tó mọ́ gaaraga jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń dán epo wò kó tó jáde, bí wọ́n ṣe ń ṣe é dẹ̀ máa ń wù mí láti sọ. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tí ò ju mílímítà 6 lọ sórí irin pẹlẹbẹ kan, gbogbo ẹ̀ á wà nínú dísẹ̀lì tí wọ́n mú gbóná dé 60 dígírì, wọ́n á wá máa fi bọ́ọ̀lù yẹn ha irin yẹn lọ bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún odindi ìṣẹ́jú 75. Tí wọ́n bá gbé e jáde wọ́n á fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ojú ibi tó jẹ lára bọ́ọ̀lù. Tí ojú egbò yẹn bá fẹ̀ ju máíkírọ́ọ̀nù 460 lọ, ìyẹn ò tó ààbọ̀ mílímítà o, Yúróòpù ò gba epo yẹn. Amẹ́ríkà fàyè gbà á dé 520. Kí epo tí wọ́n ti yọ imí ọjọ́ ẹ̀ lè yege níbẹ̀, àfi kí wọ́n fi oògùn sí i, tàbí kí wọ́n fi biodiesel díẹ̀ lù ú, epo tí wọ́n ń fi òróró ewéko tàbí ọ̀rá ẹran ṣe yẹn, ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ péré ti tó láti mú epo gbígbẹ yọ̀ padà.

Ṣé ẹ rí i? Oògùn ti wà nínú dísẹ̀lì kí ẹ tó rà á. Ọwọ́ àwọn tó fọ epo ló ti wọ̀ ọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò. Ìgò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí yẹn, ìlò kejì ni, ẹ ò dẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ìlò àkọ́kọ́. Níbi tí epo bá ti péye, ọ̀pọ̀ ìgò yìí ò ní iṣẹ́ tó máa ṣe. Níbi tí epo bá ti mẹ́hẹ, tàbí tó jẹ́ pé ọkọ̀ yín jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún epo oní-imí-ọjọ́, èyí tó ń jẹ́ kí epo yọ̀ wúlò gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín, nínú gbogbo oògùn epo òun ni mo gbà gbọ́ jù torí òun ni wọ́n lè fi bọ́ọ̀lù irin yẹn wọ̀n kí gbogbo ayé rí i.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti cetane. Cetane ni nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe ń yá láti gbiná tí wọ́n bá fín in sínú atẹ́gùn gbígbóná. Epo tó bá ń lọ́ra, á kọ́kọ́ kó jọ, gbogbo ẹ̀ á wá gbiná pa pọ̀, ìyẹn ló ń fa ariwo gbà-gbà-gbà láàárọ̀ àti èéfín funfun tó ń ta imú. Yúróòpù ní kò gbọdọ̀ dín sí 51, Amẹ́ríkà fara mọ́ 40. Oògùn tí wọ́n fi ń gbé e sókè, 2-EHN lorúkọ ẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ojúlówó ni, àwọn tó ń fọ epo gan-an ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, tí epo yín bá wà ní 42, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, ọkọ̀ á tètè sítáàtì, ariwo á wálẹ̀, tó bá ti wà ní 53, ẹ lè da odindi ìgò kẹ́ ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Cetane kì í ṣe agbára, kò sí pé tó bá ti ga sí i ọkọ̀ á sáré sí i, 2-EHN fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ ní agbára tó dísẹ̀lì lásán. Ẹ sì jọ̀ọ́, octane booster tí wọ́n ń tà fún bẹntiróò, kò gbọ́dọ̀ dé ibi táǹkì dísẹ̀lì, torí octane àti cetane, àwọn méjèèjì ò rí ara wọn sójú: octane ń jẹ́ kí epo má tètè gbiná, ohun tí dísẹ̀lì ò fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń náwó jù ni èyí tó ń fọ ínjẹ́kítọ̀. Ẹnu ínjẹ́kítọ̀ wà níbi tí iná ti ń jó, kábọ́ọ̀nù á máa dì mọ́ ihò ẹ̀, tí síńkì tàbí kọ́pà bá tún wọ inú epo, bóyá láti ara táǹkì tàbí páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, ó tún máa ń yára dì sí i, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn yìí wò, síńkì tí ò ju mílígíráàmù 1 nínú kílò epo kan ni wọ́n máa ń fi sí i kí ínjẹ́kítọ̀ lè tètè dọ̀tí. Oògùn tó dáa lè fọ ìdọ̀tí yẹn kúrò lóòótọ́. Kì í ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀ o, ó lè gba táǹkì méjì, mẹ́ta, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń họ ọ́ kúrò. Ẹni tó sọ pé ọkọ̀ òun ti ń fò kó tó dé òpópónà, ọkàn ẹ̀ ló ń fò. Ẹni tó dẹ̀ jẹ́ pé epo tó ní oògùn ìfọ̀ nínú látilẹ̀ ló ń rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní premium, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sanwó iṣẹ́ kan.

Ìdọ̀tí kejì wà tí kì í ṣe ẹnu ínjẹ́kítọ̀ ló wà, inú lọ́hùn-ún ni, lára abẹ́rẹ́ tó ń ṣí tó ń tì. Àyè tó wà láàárín abẹ́rẹ́ yẹn àti ihò tó ti ń rìn ò ju máíkírọ́ọ̀nù mélòó kan lọ. Nígbà táwọn onímọ̀ tú u, tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n bá? Ọṣẹ. Ọṣẹ gidi. Sódíọ̀mù ti wọ inú epo láti ibì kan, bóyá omi iyọ̀, bóyá látara ohun tí wọ́n fi fọ epo, ó wá pàdé ásíìdì inú oògùn kan tí wọ́n fi sí epo kí páìpù má baà dípatà, sódíọ̀mù pẹ̀lú ásíìdì ọlọ́ràá, ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ nìyẹn. Wọ́n tún bá nǹkan kan bíi fáníìṣì tó pọ́n bíi tábà, wọ́n ní èyí tí ò jinná dáadáa nínú àwọn oògùn ìfọ̀ àtijọ́ wà lára ohun tó ń fà á. Oògùn tí wọ́n ní kó máa fọ ínjẹ́kítọ̀ ló tún wá ń lẹ̀ mọ́ ọn! Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa po oògùn ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sínú táǹkì kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dáa láyè ara ẹ̀, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n máa bí tí wọ́n bá fẹ́ra.

Èyí tí ò lè ṣe rárá ni kó tún irin ṣe. Tí abẹ́rẹ́ bá ti jẹ, ó ti jẹ nìyẹn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra ìgò, á so ike kékeré kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí epo ti ń padà látara ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá tò wọ́n sílẹ̀ wò. Mẹ́ta á dọ́gba, ọ̀kan á kún lé ní ìlọ́po méjì. Ọ̀kan yẹn ló ń jò nínú, kò sí oògùn tó lè dí i, ẹ ò bá tú gálọ́ọ̀nù sí i. Mo ti rí àwọn tó fi oṣù mẹ́fà da ìgò sí ọkọ̀ tó jẹ́ pé họ́ọ̀sì tó ya lára turbo, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì, ló ń jẹ́ kó tú èéfín dúdú.

Omi ńkọ́? Omi wà nínú gbogbo dísẹ̀lì, ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ bu dísẹ̀lì sínú ìgò funfun kan, kẹ́ ẹ kán omi ṣíbí kan sí i, kẹ́ ẹ mì í. Á dàrú, á funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi á já sísàlẹ̀, ẹ máa rí ìlà tó pín wọn níyà kedere, epo lókè, omi nísàlẹ̀. Bí fílítà ọkọ̀ dísẹ̀lì ṣe ń ṣe nìyẹn, ó ní ibi tí omi ti ń já sí, tẹ́ ẹ lè tú u dànù látìsàlẹ̀. Oògùn omi wá pé oríṣi méjì, àwọn méjèèjì dẹ̀ ń kọ ọ́ sára ìgò pé àwọn ń yanjú omi. Ọ̀kan ń jẹ́ kí omi tètè já sílẹ̀ kí fílítà lè mú un. Èkejì ń so omi mọ́ epo kó lè bá a wọ ẹ́ńjìnnì lọ jó dànù. Tẹ́ ẹ bá kán èkejì yìí sínú ìgò tẹ́ ẹ mì yẹn, kò ní í yà mọ́, á máa funfun bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì jẹ́ ti àtijọ́, tí prẹ́ṣọ̀ ò ga, ó ń gbé e mì. Nínú common rail, omi tó bá gba ẹnu ínjẹ́kítọ̀ kọjá ní ooru yẹn á hó lójijì, á sì ba orí ẹ̀ jẹ́, yàtọ̀ sí ìpatà. Àwọn tó fi ọtí sínú ìgò, isopropyl tàbí methanol, tún burú sí i torí ọtí ń gba ìyọ̀ kúrò lára epo. Ẹ tún jẹ́ n fi èyí kún un: oògùn ìfọ̀ náà, bí ọṣẹ ló ṣe rí, ẹni tó bá dà á kọjá ìwọ̀n, ó ń so omi mọ́ epo láìmọ̀.

Níbi tí omi bá ti pẹ́ nísàlẹ̀ táǹkì, ẹ̀dá tíntìntín kan tójú lásán ò lè rí, irú bíi bakitéríà àti èbu, máa ń gbé ibẹ̀. Ilé ẹ̀ gan-an ni ìlà tó wà láàárín omi àti epo, omi ló ń mu, epo ló ń jẹ. Ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in, èyí tó bá dúró sójú kan fún oṣù púpọ̀ ló wà nínú ewu. Wọ́n gé fílítà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níṣojú mi rí, bébà inú ẹ̀ tó yẹ kó ní àwọ̀ bíi ti àgbàdo, dúdú ni, ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, òórùn ẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ. Oògùn tó ń pa á wà, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òkú wọn ò ní fò lọ o, inú fílítà ni gbogbo ẹ̀ máa lọ, nítorí náà ẹ tú omi yẹn dànù kẹ́ ẹ tó lo oògùn, kẹ́ ẹ sì ti mú fílítà tuntun dání.

Ti òtútù ò gùn. Ìda wà nínú dísẹ̀lì, tí òtútù bá mú un á dì, á sì dí fílítà. Oògùn ẹ̀ ò lè yọ́ ìda tó ti dì, ohun tó ń ṣe ni pé ìda yẹn á dì ní wẹ́wẹ́ tí ò fi ní lè dí fílítà, ìyẹn ni pé kí òtútù tó dé ni wọ́n ń dà á, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ ti kọ̀ láti sítáàtì.

Èyí tí mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn ni oògùn tó ní irin nínú, ferrocene, cerium, manganese, irú ẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí dúdú èéfín tètè jó. Peugeot fi cerium sí 607 lọ́dún 2000 nígbà tó fi DPF sí i, DPF ni asẹ́ tó wà nínú sàlẹ́ńsà tó ń ká dúdú èéfín mọ́lẹ̀, ó nílò nǹkan bí 600 dígírì kó tó lè jó ohun tó ká, cerium yẹn gbé e wá sí nǹkan bí 450. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn fún un ní táǹkì ara ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ti mọ iye kìlómítà tí asẹ́ náà máa fi kún. Irin kì í jó. Ó ń di eérú ni, eérú yẹn dẹ̀ ń jókòó sínú DPF títí ayé, kò sí iná tó lè lé e jáde. Ẹni tó wá ń dà á láti inú ìgò, níwọ̀n tó wù ú, sínú ọkọ̀ tí wọn ò ṣe fún un, ṣe ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ dí asẹ́ tó gbówó lórí jù lára ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irin lára èròjà ìgò, tí ọkọ̀ yín dẹ̀ ní DPF, ẹ dá a padà.

Eérú yìí náà ni mo fi ń dá àwọn tó ń da ọ́ìlì two-stroke sí dísẹ̀lì lóhùn. Wọ́n á ní òun ló ń jẹ́ kí pọ́ǹpù dákẹ́. Ó lè dákẹ́ o, ọ́ìlì ni, àmọ́ wọn ò ṣe é fún common rail, èròjà ẹ̀ míì sì ń di eérú. Pọ́ǹpù tó ń pariwo ní ìdí, ẹ wá ìdí ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, tí àwọn kan ń sẹ́ sínú táǹkì láti fi ṣọ́wọ́ná, èmi ò ní lè sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ láìbínú, irin tó jẹ nínú ẹ́ńjìnnì ló kún inú ẹ̀. Kẹrosíìnì ń jẹ́ kí epo gbẹ. Bẹntiróò ń jẹ́ kó gbẹ, ó ń fa cetane wálẹ̀, ó tún ń sọ táǹkì yín di ohun tó lè tètè gbiná, torí dísẹ̀lì Yúróòpù, àfi tó bá gbóná kọjá 55 dígírì kí òru ẹ̀ tó lè gbé iná, bẹntiróò ò nílò ooru kankan. Ìwé ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tó fàyè gba bẹntiróò díẹ̀ nígbà òtútù, ìwé yẹn ti darúgbó.

Ó wá ku ti àwọn tó ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò pé epo yín á dín kù ní ìdá 15, ìdá 20. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tára ẹ̀ yá ń jó ohun tó lé ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí wọ́n fín sí i. Ibo ni ìdá 20 yẹn fẹ́ ti jáde wá? Ibi tí agbára epo ń ṣòfò sí ni ooru, nínú rédíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà, kò sí ohun tí oògùn lè rí ṣe síyẹn. Tí ínjẹ́kítọ̀ bá dọ̀tí, tí ẹ wá fọ̀ ọ́, ẹ lè rí ohun tó ti sọnù gbà padà, ìyẹn ṣeé ṣe, ẹ ò lè gba ohun tí ò sọnù. Kí wọ́n má dẹ̀ fi "EPA registered" dẹ́rù bà yín, òfin Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n forúkọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, kí wọ́n tó tà á fún ọkọ̀ ojú títì, ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi, kí n tó da nǹkan kan sí táǹkì, ìwé ọkọ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan sí i, tí ẹ bá fi sí i tí pọ́ǹpù wá bàjẹ́ nígbà tí wàráńtì ṣì wà, ẹ ti fún wọn ní ọ̀nà àbáyọ. Lẹ́yìn náà màá pààrọ̀ fílítà, torí nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ní ó nílò oògùn, mi ò mọye tó jẹ́ fílítà ló ti dí. Tó bá wá jẹ́ pé mo mọ ohun tó ń ṣe é, màá ra ẹyọ kan tó sọ iṣẹ́ kan pàtó tó fẹ́ ṣe, tó kọ ọ́ pé kò ní irin, kò ní ọtí, màá dà á sínú táǹkì kí n tó rọ epo lé e lórí kó lè pò dáadáa, níwọ̀n tí wọ́n kọ. Tí wọ́n bá ní mílílítà 1 fún lítà epo kan, táǹkì lítà 60, mílílítà 60 ni, ó tán. Èyí tó máa ń da gbogbo ìgò torí ó ti ṣí i ná, òun ló máa ń padà wá sọ pé oògùn ba ọkọ̀ òun jẹ́. Tí táǹkì náà bá ti gbó tó ti dọ̀tí, oògùn ìfọ̀ lè tú gbogbo ẹrẹ̀ inú ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún máa nílò fílítà míì láìpẹ́, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé oògùn burú.

Ohun kan ṣẹ́kù tó jẹ́ pé kì í ṣe oògùn epo rárá, àmọ́ orúkọ rẹ̀ máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ṣáá: AdBlue. Omi àti urea ni, urea ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, inú sàlẹ́ńsà ni wọ́n ń fín in sí láti pa májèlé inú èéfín, ó ní táǹkì tiẹ̀, ìdérí ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Àwọn kan máa ń rò pé oògùn dísẹ̀lì ni, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ epo. Tó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ yẹn, ẹ má tiẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ rárá, torí pọ́ǹpù inú táǹkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Èyí tí wọn ò tíì yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, táǹkì ni wọ́n máa tú fọ̀. Èyí tí wọ́n ti wà dé ìta, urea á ti máa gbẹ di kírísítálì funfun bí iyọ̀ nínú pọ́ǹpù, nínú rail, nínú ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lè jẹ́ gbogbo ẹ̀ pátá lẹ máa pààrọ̀.